Gìtá Tó Bo Ọ̀rọ̀ Mọ́lẹ̀

Bí ẹ bá bi àwọn aládùúgbò wa léèrè irú orin tí èmi, bọ̀ọ̀dá mi àti Kòńgẹ́ ń kọ, wọn ò ní pè é lórin. Ariwo ni wọn yóò pè é, wọn ò sì purọ́. Orin rọ́ọ̀kì ni, ṣùgbọ́n rọ́ọ̀kì tí kò ní oyin nínú: gìtá tó ń han bí ayùn irin, bèèsì tó ń ti àyà ẹni sẹ́yìn, àti ìlù. Bọ̀ọ̀dá mi ló ni gìtá àti ohùn. Jórinjórin ni, iná ti jó ìka rẹ̀ débi pé kì í mọ̀ bí okùn gìtá bá ń gé e. Kì í ṣe "ẹ" ni mò ń pè é o, ọdún kan péré ló fi jù mí lọ, a sì jọ ja ìjà aṣọ dàgbà. Èmi ni mò ń ta bèèsì. Iṣẹ́ mi ni kí n máa gé aṣọ níbi tí wọ́n ti ń rán yunifọ́ọ̀mù. Kòńgẹ́, onílù wa, káfíńtà ni. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́, nítorí pé ibi tó bá ní igi ìlù òun yóò balẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni yóò ti ṣe kòńgẹ́. Bí ẹnì kan nínú wa bá fi ìwọ̀n irun kan ṣáájú rẹ̀, yóò dá orin dúró, yóò ní, "Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe." A ti tún orin kan ṣe nígbà mọ́kànlélógójì rí. Èmi ni mo kà á.

Ọdún mẹ́sàn-án la fi ń bá a yí kí ẹnì kan tó wá sọ pé òun fẹ́ gbé wa jáde. Ọkùnrin náà ní kí a fi dùùrù sí i, kí àwọn ọmọge mẹ́ta máa gbè é lẹ́yìn wa, kí bọ̀ọ̀dá mi sì dẹ ohùn rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, ajá là ń tà níbí. Bó bá jẹ́ ewúrẹ́ lẹ fẹ́, ọjà mìíràn lẹ ó lọ." Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó lọ, kò sì padà wá.

A bá gba ìsinmi ọjọ́ mẹ́rin níbi iṣẹ́, a lọ bá obìnrin kan tó ní yàrá ìgbohùnsílẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù taya. Màdáámù Etí là ń pè é. Ilẹ̀kùn méjì tó nípọn ló fi sẹ́nu ọ̀nà, ó fi fóòmù bo gbogbo ògiri, òun fúnra rẹ̀ kì í sì í sọ̀rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Àdéhùn wa kò le: èèyàn mẹ́ta, nǹkan mẹ́ta, ohunkóhun tí kò bá ní iṣẹ́, kó jáde. Bọ̀ọ̀dá mi ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ méjì àkọ́kọ́, orin mẹ́fà la parí. A gé ìbẹ̀rẹ̀ tó gùn kúrò, a gé àtúnsọ kúrò. Ibi tí mo ti máa ń ta ohùn mẹ́jọ, ó ku méjì. Kòńgẹ́ yọ àwo irin kan kúrò lára ìlù rẹ̀, ó ní òun ò rí ohun tó ń ṣe níbẹ̀. Bí a ṣe ń gé e tó, bẹ́ẹ̀ ló ń gbóná tó.

Ó wá ku orin kan tí a ti ń yẹ̀ sílẹ̀ fún. Bọ̀ọ̀dá mi kọ ọ́ lẹ́yìn tí màmá wa kú. Ìlà kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀: "Ta ló wà lẹ́nu ọ̀nà?" Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú màmá ló sọ fún wa pé ọ̀rọ̀ tí òun gbọ́ kẹ́yìn lẹ́nu wọn nìyẹn kí ẹnì kan tó pe òun síbi bẹ́ẹ̀dì mìíràn. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, bọ̀ọ̀dá mi ní kí òun kọ́kọ́ parí géètì kan tó wà nílẹ̀. Nígbà tó fi dé ọsibítù, wọ́n ti bo màmá lójú. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Orin yẹn ló kọ. Ṣùgbọ́n bó bá ti fẹ́ la ẹnu sọ ìlà náà báyìí, yóò fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ tó wà nílẹ̀, gìtá yóò sì bú gbàmù, yóò máa ké títí. Ẹnikẹ́ni ò lè gbọ́ ohun tó ń sọ. Èmi mọ̀ ọ́n nítorí pé mò ń wo ètè rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, bàbá wa mú kọ́kọ́rọ́ ilé mi wá, mo ti gbàgbé rẹ̀ sórí tábìlì wọn. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni bàbá fi tún ẹ̀rọ ìhunṣọ ṣe. Ẹ̀rọ náà ti pa etí òsì wọn, ṣùgbọ́n wọ́n á ní ọ̀tún ń ṣiṣẹ́ méjì. Wọn ò jókòó gbọ́ orin wa rí. Bí a bá pè wọ́n, wọ́n á ní, "Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu ariwo." Ṣùgbọ́n Màdáámù Etí ti fa àga kan fún wọn kí wọ́n tó lè kọ̀, ni wọ́n bá jókòó, wọ́n ká ọwọ́ gbera. A ta orin màmá láti òkè délẹ̀.

"Bàbá, báwo lẹ ṣe gbọ́ ọ sí?" Kòńgẹ́ ló béèrè.

"Ìlù yẹn dọ́gba." Wọ́n wá yíjú sí bọ̀ọ̀dá mi. "Ìwọ ńkọ́? Kí lò ń sọ nínú ẹ̀?"

"Ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, Bàbá."

"Mi ò gbọ́ ọ. Àwọn méjì yìí, mo gbọ́ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Irin ọwọ́ ẹ yẹn ni kò yé mi. Níbi iṣẹ́ wa, ibi tó bá ń pariwo jù lára ẹ̀rọ, ibẹ̀ ló ti jẹ. A kì í da gíríìsì bò ó. A máa ń tú u ni."

"Ẹ ṣeun, sà," bọ̀ọ̀dá mi dáhùn, ojú rẹ̀ sì le koko. Bàbá fún mi ní kọ́kọ́rọ́, wọ́n kí wa pé a kú iṣẹ́, wọ́n lọ.

Ilẹ̀kùn ò tíì padé tán tí bọ̀ọ̀dá mi fi bẹ̀rẹ̀. "Ọdún mẹ́sàn-án, wọn ò wá. Òní ni wọ́n wá dadájọ́!"

"Òótọ́ ni wọ́n sọ," ni mo wí.

"Kí lo sọ?"

"Ohun tí kò bá ní iṣẹ́, kó jáde. Ìwọ lo sọ ọ́. A ti yọ tèmi, a ti yọ ti Kòńgẹ́. Tìẹ ló kù. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá."

Ó gbé gìtá kalẹ̀, ó jáde. Mo fún un ní ìṣẹ́jú díẹ̀ kí n tó tẹ̀ lé e. Orí taya ògbólógbòó kan ló jókòó sí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó dorí kodò.

"Bí mo bá yọ gìtá yẹn, wọ́n á gbọ́ ọ," ó ní.

"Àwọn wo?"

"Gbogbo èèyàn. Wọ́n á gbọ́ pé màmá ń pè mí, mi ò sì sí níbẹ̀."

Mo jókòó tì í. Oòrùn ti ń pa taya náà láti àárọ̀, ó gbóná débi pé mo ní láti fi ọwọ́ mi sábẹ́ itan. Ó nu imú rẹ̀.

"Ṣé wàá lè gbé orin yẹn dúró láìsí mi?"

"Ìgbà wo lo ti ń gbé e dúró tẹ́lẹ̀?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, kò rò tẹ́lẹ̀. A wọlé.

Kòńgẹ́ kà á: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Bèèsì àti ìlù ló bẹ̀rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá mi kò fẹsẹ̀ kan ẹ̀rọ ilẹ̀ rárá, ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń fọwọ́ kan okùn lẹ́yìn tó bá ti sọ ìlà rẹ̀ tán. "Ta ló wà lẹ́nu ọ̀nà?" Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin. Ní ẹ̀kẹta, ohùn rẹ̀ já bí igi gbígbẹ. Kò dúró. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ojú rẹ̀ ò kúrò lára ọwọ́ Kòńgẹ́ títí orin fi parí.

Ohùn Màdáámù Etí wọlé láti ẹ̀yìn gíláàsì. "Ohùn já níbì kan. Ṣé ká tún un ṣe?"

Èmi àti bọ̀ọ̀dá mi wo Kòńgẹ́. Ó gbé igi ìlù méjèèjì lé itan.

"Rárá," ó ní. "Ibi tó yẹ kó já ló ti já."

Orin méje, ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún: gbogbo àwo orin wa nìyẹn. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ gbọ́ ọ, ó ní ṣé èyí tó kù ń bọ̀ lẹ́yìn ni. Àwọn kan ní ó dà bí ilé tí wọ́n ti kó ẹrù kúrò nínú rẹ̀. Obìnrin kan tó ń wa tírélà kọ̀wé sí wa pé òun máa ń gbọ́ ọ láràárọ̀ kí òun tó ṣíná ọkọ̀. A ka ìwé rẹ̀ títí ó fi fẹ́ ya.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, a gbé àwo náà lọ fún bàbá. Mo po tíì. Wọ́n gbé àga wọn súnmọ́ ẹ̀rọ, wọ́n dẹ etí ọ̀tún sí i. Nígbà tó kan orin màmá, wọ́n na ọwọ́ sókè.

"Ẹ dá a dúró. Ta ló sọ ìyẹn fún yín?"

"Nọ́ọ̀sì ni, Bàbá," bọ̀ọ̀dá mi dáhùn. "Ó ní ọ̀rọ̀ tí màmá sọ kẹ́yìn nìyẹn."

"Kì í ṣe ìyẹn ló sọ kẹ́yìn. Èmi ni mo wà lẹ́nu ọ̀nà. Omi ni mo lọ bù. Ó ní ta nìyẹn, mo ní èmi ni. Ó ní kí n wọlé, kí n ti ilẹ̀kùn, atẹ́gùn ń wọlé. Mo jókòó tì í, ó di ìka mi mú. Ó ní ọwọ́ mi tutù. Ìyẹn ló sọ kẹ́yìn."

Mo gbé ife tíì mi kalẹ̀.

"Ẹ ò sọ fún wa rí," ni mo wí.

"Ẹ ò bi mí. Mo rò pé ẹ mọ̀."

Bọ̀ọ̀dá mi ń wo ilẹ̀. "Mo rò pé èmi ni wọ́n ń dúró dè, Bàbá."

"Ìwọ? Ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ni màmá yín ti kìlọ̀ fún mi pé kí n má pè ọ́ kúrò nídìí iṣẹ́. Ó ní bí ìkánjú bá ti wọ̀ ọ́, o máa jó ara ẹ ni."

Bọ̀ọ̀dá mi rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún níbi tó jókòó sí. Bàbá gbé ọwọ́ lé e léjìká. Nígbà tó yá, bọ̀ọ̀dá mi béèrè bóyá kí òun yí orin náà padà.

"Kí lo fẹ́ yí níbẹ̀? Ó béèrè, àbí kò béèrè? Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Bọ̀ọ̀dá mi fa àga rẹ̀ súnmọ́ tiwọn. "Bàbá, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ẹ má fo nǹkan kan."

Bàbá wú ikọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí búrẹ́dì tí màmá kò jẹ tán. Mo kó ife lọ sí kíṣíìnì, ṣùgbọ́n mi ò ṣí omi ẹ̀rọ, kí n lè máa gbọ́ wọn.