Apá Ẹ̀wù Tó Gùn Jù

Ojú obìnrin télọ̀ kan àti ti ọkùnrin kan ṣe mẹ́rin lẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, níbi tí ẹbí àwọn atukọ̀ tí wọ́n jí gbé lórí òkun ti ń ti ara wọn síwá sẹ́yìn. Ọkùnrin náà, tó gbé fáìlì mọ́ àyà, wo téèpù tó wà lọ́rùn obìnrin télọ̀ náà, ó wo ojú rẹ̀ bí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, ó sì yára gbójú kúrò.

"Ìyàwó, ọkùnrin yẹn ń wò ọ́ o," ìyá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ fi ìgbọ̀nwọ́ gún un.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ọmọ yín lojú mi ń wá."

Ọjọ́ mẹ́rìndínlógójì rèé tí alárinà ìjọba ti ń lọ sọ́dọ̀ àwọn ajínigbé, tó ń bọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní kí ẹbí kọ̀ọ̀kan kọ ìbéèrè kan ṣoṣo tí ẹni tiwọn nìkan lè dáhùn, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó wà láàyè. Màmá fẹ́ béèrè orúkọ olùkọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́. Télọ̀ kọ̀ jálẹ̀. Ó kọ ọ́ pé: "Kí ló ṣe ẹ̀wù tí mo kọ́kọ́ rán fún ọ?"

"Bó bá ti gbàgbé ńkọ́?" Màmá tún bi í. "Ọkùnrin mélòó ló ń rántí ẹ̀wù?"

Ọ̀rọ̀ náà ń gún un bí abẹ́rẹ́. Ó jókòó, ó dìde. Ó ka fèrèsé, ó tún un kà. Ẹbí kan jáde tẹ̀rín-tẹ̀rín. Òmíràn jáde, wọ́n ń di ara wọn mú kí wọ́n má ṣubú.

Nígbà tó kàn wọ́n, ọkùnrin onífáìlì yẹn ni wọ́n bá nídìí tábìlì.

"Èmi ni ògbufọ̀ tó bá alárinà lọ. Ẹ má bínú, bí ìdáhùn yín ò bá bá tinú lẹ́tà tó wá láti ọ̀hún mu, mi ò gbọ́dọ̀ fún yín ní lẹ́tà náà. Kí ló ṣe ẹ̀wù náà?"

Télọ̀ di téèpù ọrùn rẹ̀ mú. "Apá òsì gùn ju tọ̀tún lọ. Ìkánjú ni. Mo ní kí n gé e, ó ní ó tì, pé èyí tó gùn yẹn…" Ojú Màmá ń tì í. "Pé òun lòun á fi máa gbá mi mọ́ra."

"Háà! Èmi sì ti ń rò pé èjìká ọmọ mi kan ló rẹlẹ̀!"

Ògbufọ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ó fi ìka tọ ìlà kan nínú ìwé náà, ó tún un tọ̀.

"Wọn ò tíì dá wọn sílẹ̀ o," ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́. "Ṣùgbọ́n ó wà láàyè. Ó tún kọ ọ́ síbí pé ẹ kì í bọ́ téèpù kúrò lọ́rùn."

Ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé lẹ́tà náà lé e lọ́wọ́.