Àǹtí Bọ́-Bàtà

Bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ìrìn-àjò, ní òpópónà àwọn onídígí, ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ rí ni ìlà pupa kan lára férémù ilẹ̀kùn, tó fi mítà kan gééré ga nílẹ̀. Obìnrin tó fà á ló jókòó sí tábìlì kejì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa bá àwọn tó fẹ́ lọ fún ìsinmi lókè òkun wá tíkẹ́ẹ̀tì ọgbà ìṣeré ní owó pọ́ọ́kú, kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n wá bíi tirẹ̀. Ó mọ ọjọ́ tí ọgbà máa ń dín owó. Ó mọ̀ pé tíkẹ́ẹ̀tì tí a bá rà sílẹ̀ kò ju ìdajì èyí tí wọ́n ń tà lẹ́nu géètì lọ. Ó sì mọ̀ pé ọmọ tí kò bá ga tó mítà kan, ọ̀fẹ́ ló ń wọlé. Ibi tí àwọn òbí ti ń ṣìnà nìyẹn, nítorí bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn lè sọ ọmọ ọ̀fẹ́ di ọmọ olówó. Nítorí náà, bí ọmọ bá ti yọjú lẹ́nu ilẹ̀kùn, kí obìnrin yìí tó kí ìyá ọmọ pàápàá, ohùn rẹ̀ á ti jáde: "Bọ́ bàtà!" Bó ṣe di Àǹtí Bọ́-Bàtà nìyẹn. Kódà ọ̀gá wọn ò rántí orúkọ rẹ̀ mọ́.

Òun fúnra rẹ̀ ò dé ọgbà kankan rí. Máàpù èyí tó tóbi jù, ọgbà oníkẹ̀kẹ́ ńlá, wà lábẹ́ gíláàsì tábìlì rẹ̀, ó sì ti fi ìka rìn ín títí ó fi mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ yàrá ara rẹ̀. "Ẹ má gba géètì iwájú," ni yóò wí fún oníbàárà, "èrò pọ̀ níbẹ̀. Ẹ gba ti ẹ̀gbẹ́ adágún." Wọ́n á bi í pé ẹ̀ẹ̀melòó ló ti lọ. Á rẹ́rìn-ín, á ní òun ò kà á.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan, ọjọ́ tí ẹ̀dínwó ọdún náà máa parí ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, àbúrò rẹ̀ obìnrin wọlé, ó fa àbíkẹ́yìn nínú ọmọ rẹ̀ méjèèjì, ọkùnrin, lọ́wọ́. Lọ́fínńdà rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé, kí òun fúnra rẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Bàbá àwọn ọmọ yìí ti fọwọ́ sí i o! Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin là ń lọ!"

"Lọ sí ibo?"

"Ibo tún ni? Ibi kẹ̀kẹ́ ńlá. Ti kàlẹ́ńdà yín!"

Nǹkan ta Àǹtí Bọ́-Bàtà láyà bí abẹ́rẹ́. Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, orí ibùsùn kan ṣoṣo làwọn méjèèjì ń sùn. Òun ló gé àwòrán kan lára kàlẹ́ńdà àtijọ́: kẹ̀kẹ́ gìrìwò kan tó ń yí lójú òfúrufú, tí àwọn àga kéékèèké so mọ́ ọn yíká, tí àwọn èèyàn jókòó sínú wọn. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Kí wọ́n tó sùn, á máa sọ fún àbúrò rẹ̀ bí òun ṣe máa gun kẹ̀kẹ́ náà lọ́jọ́ kan, bí ilé á ṣe máa kéré sí i nísàlẹ̀, bí afẹ́fẹ́ á ṣe máa fẹ́. Kó tó sọ ọ́ dé òkè pátápátá, àbúrò á ti sùn lọ. Pẹ́pẹ́yẹ ló ń pè é nígbà náà, nítorí gbogbo ibi tí òun bá yà sí ni ìyẹn ń wọ́ tẹ̀ lé e. Wàyí o, Pẹ́pẹ́yẹ ti gba iwájú.

"Ẹ kú oríire, màdáámù," ló wí.

Àbúrò rẹ̀ wò ó. "Màdáámù kẹ̀?"

"Ṣé ẹni tó ń lọ sókè òkun kì í ṣe màdáámù ni? Jẹ́ kí n wọn ọmọ."

Ọmọ náà lọ dúró níbi ìlà pupa. Bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ nípọn bí búrẹ́dì, iná pupa sì ń tàn ní gìgísẹ̀ rẹ̀ bó bá ti tẹlẹ̀. Àǹtí Bọ́-Bàtà la ẹnu. Ọ̀rọ̀ méjì péré náà ni. Ó kàn pa ẹnu dé padà ni.

"Ó ti kọjá ìlà," ló wí. "Ó máa sanwó."

Àbúrò rẹ̀ wo bàtà ọmọ, ó wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ó dáa bẹ́ẹ̀, Ẹ̀gbọ́n mi." Ó sanwó èèyàn mẹ́rin, ó ní òun ń lọ wo báàgì ìrìn-àjò nísàlẹ̀ òpópónà, òun á padà wá gba tíkẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó ṣíwọ́.

Wọn ò tíì jìnnà tí Ìyá Fọ́ọ̀mù fi sọ̀rọ̀. Ìyá àgbàlagbà yìí ló wà ní tábìlì kìíní, fọ́ọ̀mù ìwé àṣẹ ìrìnnà ló ń bá àwọn èèyàn kọ. Kò gbé orí sókè.

"Ọmọ yẹn wọ bàtà o."

"Ẹ ní kí ni, Mà?"

"Mo ní ó wọ bàtà. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń gbọ́ 'Bọ́ bàtà! Bọ́ bàtà!' títí etí mi fẹ́ di. Òní ni mi ò gbọ́ ọ. Àbí ara rẹ ò yá?"

"Ara mi yá, Mà."

"Háà. Èyí tó burú jù nìyẹn."

Àǹtí Bọ́-Bàtà kọjú sí kọ̀ǹpútà. Orúkọ mẹ́rin ló wà níbẹ̀, bọ́tìnì kan ló kù kó tẹ̀. Bó bá ti tẹ̀ ẹ́, ó parí. Tíkẹ́ẹ̀tì pọ́ọ́kú kì í gba àtúnṣe. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé kí ni owó tíkẹ́ẹ̀tì ọmọ kan já mọ́ lójú àwọn yẹn. Ó fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ó mọ ọgbà náà jù. Ó mọ̀ pé wọ́n ní ìlà tiwọn lẹ́nu géètì, pé aṣọ́nà á ní kí ọmọ bọ́ bàtà, á sì rẹ́rìn-ín: "Ọ̀fẹ́ lèyí. Ta ló ta tíkẹ́ẹ̀tì fún yín?" Abẹ́ kẹ̀kẹ́ ńlá gan-an ni àbúrò òun á ti dáhùn pé, "Ẹ̀gbọ́n mi ni." Ó gbé ọwọ́ kúrò. Ó tún gbé e padà. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe títí aago fi ku ogún ìṣẹ́jú kó lu márùn-ún, tí ilẹ̀kùn tún ṣí, tí báàgì tuntun kan tó ga ju ọmọ lọ yí wọlé.

"Bọ́ bàtà ọmọ yẹn," ni Àǹtí wí.

Àbúrò rẹ̀ tẹ̀ sún mọ́ tábìlì, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ fi sílẹ̀, Ẹ̀gbọ́n mi. Mo rí i. Ṣebí wọ́n ń fún yín ní nǹkan díẹ̀ lórí tíkẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan? Ẹ jẹ́ kó jẹ́ mẹ́rin. Mo mọ̀ pé nǹkan ò rọrùn."

Èyí wá dun Àǹtí ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àánú! Síbẹ̀ ọ̀nà àbáyọ tó dáa gan-an ni wọ́n là fún un yìí. Kó ṣáà ti ní "O ṣeun" ni, ọ̀rọ̀ á tán.

"Kì í ṣe torí owó," ló wí. "Mò ń jowú rẹ ni."

Gègé Ìyá Fọ́ọ̀mù dúró lórí ìwé.

"Èmi ni mo gé àwòrán yẹn! Èmi ni mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri! Ìwọ tó jẹ́ pé o máa ń sùn kí n tó sọ ọ́ dé òkè!"

"Mi ò sùn," ni àbúrò rẹ̀ wí. "Mo máa ń dijú ni. Ẹ̀rù òkè yẹn ló ń bà mí. Ó ṣì ń bà mí. Bàbá wọn ló máa gùn ún."

"O máa débẹ̀, o ò sì ní gùn ún?"

"Ìsàlẹ̀ ni màá ti máa bá wọn di báàgì mú."

Inú tún bí Àǹtí Bọ́-Bàtà ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ó fẹ́ bú u, ẹ̀rín ló bú jáde. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ bàtà oníná náà. Ọmọ ò fẹ́ kéré. Ó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ dúró, ó nàró títí ọrùn rẹ̀ fi gùn. "Sọ gìgísẹ̀ kalẹ̀, ọkọ mi." Ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ léjìká. Ọmọ náà fi ìka méjì kéré sí ìlà pupa.

"Ọ̀fẹ́," ni Ìyá Fọ́ọ̀mù kígbe láti tábìlì kìíní.

Àǹtí yí orúkọ ọmọ sí apá ọ̀fẹ́, ó tẹ bọ́tìnì, ó sì ti owó tíkẹ́ẹ̀tì ọmọ náà padà sórí tábìlì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni kí n mú bọ̀ fún yín?"

"Gun kẹ̀kẹ́ yẹn dé òkè. Dijú tó bá wù ẹ́. Ṣùgbọ́n tí o bá dé, má tíì sọ nǹkan kan fún mi. Jẹ́ kó tó ọ̀sẹ̀ kan."

"Ọ̀sẹ̀ kan gbáko?"

Àǹtí gbóòórùn lọ́fínńdà rẹ̀, ó wo báàgì tuntun.

"Ọ̀sẹ̀ méjì, Pẹ́pẹ́yẹ."