Ọrùn Bàbá Rọra

Gbogbo ẹni tó ń wa tánkà gáàsì ní ilé-iṣẹ́ yẹn ló ní ọkọ̀ méjì lẹ́nu. Èyí tí ilé-iṣẹ́ rà, tí ilé-iṣẹ́ ń fún ní epo, tí orúkọ ilé-iṣẹ́ wà lára rẹ̀ gàdàgbà, òun ni wọ́n ń pè ní "ọkọ̀ mi". Èyí tí wọ́n fi òógùn ara wọn rà, tó ń wúkọ́ ní ojúlé wọn, "mọ́tò ilé" ni wọ́n ń pe ìyẹn. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Bí èèyàn bá jókòó sínú ọkọ̀ láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, tó mọ bó ṣe ń kùn, tó mọ ibi tó ti ń dùn ún, kí ló tún fẹ́ pè é bí kò ṣe tèmi?

Ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ yìí ni Bàbá Rọra. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ, nítorí "rọra" ló ń sọ fún ọkọ̀ iwájú, òun ló ń sọ fún ọkọ̀ ẹ̀yìn, òun náà ló ń sọ fún tíì gbígbóná. Tánkà rẹ̀ ò kan nǹkan kan rí. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e dé ní tuntun, tí ọ̀rá ṣì wà lórí ìjókòó, òun ni wọ́n fún ní kọ́kọ́rọ́, kò sì sí ẹlòmíràn tó tíì fìdí kan ìjókòó yẹn.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, ó fi mọ́tò ilé gbé ìyá ìyàwó rẹ̀ padà sílé. Iná pupa tàn ní ìkòríta, ó dúró jẹ́jẹ́, àfi gbàà lẹ́yìn. Ọkùnrin kan tó ń wo fóònù ló wá kọlù ú. Bọ́ńpà ẹ̀yìn wọlé bí ẹnu arúgbó tí ò léyín mọ́. Ìyá ìyàwó ní nǹkan kan ò ṣe òun. Ó bú ọlọ́fóònù náà tán, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀, ó ní òun á tún mọ́tò ṣe, ó sì tún un ṣe lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ parí.

Kò parí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá Rọra ń mu tíì lọ́wọ́, ìyàwó rẹ̀ pè é láti apá òsì.

"Bàbá ọmọ."

Òun àti àga ló jọ yí padà pọ̀, bí ilẹ̀kùn.

Ìyàwó wò ó. "Ṣé wọ́n kàn yín mọ́ pákó ni?"

"Mo forí lé ìrọ̀rí lódì ni."

"Ìrọ̀rí tí ẹ ti ń forí lé láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ yín?" Ó gba ife lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ máa sọ fún wọn níbi iṣẹ́."

"Mọ́tò ilé ni. Kí ló kàn wọ́n níbẹ̀?"

"Ẹ ní ọrùn ilé, ẹ tún ní ọrùn iṣẹ́, àbí? Ó dáa, ẹ wọ tibi iṣẹ́ kí n rí i."

Bàbá Rọra gba ife rẹ̀ padà. Ó mọ ohun tó ń já òun láyà. Awakọ̀ tó bá lóun ní ìjàm̀bá á sọ̀kalẹ̀ títí dókítà á fi sọ̀rọ̀, tánkà kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Awakọ̀ kan wà níbi iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Òpó torí gíga rẹ̀. Ọkọ̀ tirẹ̀ ti wọ ọgbà àtúnṣe, kò jáde mọ́. Ojú tí Òpó fi ń wo tánkà Bàbá Rọra, ojú tí ọmọkùnrin fi ń wo ọmọge ni. Bí ó bá gùn ún, ta ló máa ní kó sọ̀kalẹ̀?

Òfin ibẹ̀ wà lára ògiri ẹ̀gbẹ́ géètì, wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́: BÍ ỌKỌ̀ YÍN BÁ NÍ ÌJÀM̀BÁ, Ẹ WÁ SỌ KÍ Ẹ TÓ TÚN WA ỌKỌ̀. Nígbà tó débi iṣẹ́, Bàbá Rọra dúró síwájú rẹ̀ bí ẹni tí ò kà á rí. Ó ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mẹkáníìkì ọ̀rẹ́ rẹ̀, Òpó sì wà nítòsí.

"Ọkọ̀ yín ni wọ́n kọ," mẹkáníìkì wí. "Kí là ń pè ní ọkọ̀ yín níbí? Tánkà. Bó bá wù ẹ́, gbé mọ́tò ilé ẹ gun igi àgbọn, kò kan ẹnikẹ́ni."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ sọ o," Òpó wí. "Òfin lòfin."

"Ìwọ, panu mọ́. Ṣé òfin lò ń wò ni? Ìjókòó ọkọ̀ lò ń wò."

"Mo lè wo méjèèjì. Ojú méjì ni mo ní."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá Rọra náà rẹ́rìn-ín, ó gun tánkà, ó ṣáná sí i. Ó wo dígí ẹ̀gbẹ́, kò rí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ibì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tánkà tí dígí kì í dé, àfi kí awakọ̀ yọjú, kó yí ọrùn. Ó yí i. Ọrùn dé ìdajì, ó kọ̀. Ó fun fèrè.

"Mo wà níbí o," ohùn obìnrin tó ń gbálẹ̀ ọgbà ló dáhùn, lábẹ́ fèrèsé rẹ̀ gan-an. "Ẹ ò rí mi ni?"

Kò rí i. Bàbá Rọra paná ọkọ̀.

Ọ̀gá wọn, obìnrin tí wọ́n ń pè ní Màdáàmù, ti bọ́ bàtà sábẹ́ tábìlì, ó ń dá ara rẹ̀ lára yá nínú ọ́fíìsì.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ọkọ̀ mi ní ìjàm̀bá lánàá."

Màdáàmù ò dúró wọ bàtà. Kí Bàbá Rọra tó la ẹnu padà, ó ti dé ìta, ó ń yí tánkà po láìwọ bàtà, ó ń fọwọ́ pa á lára bí ìyá tó ń yẹ ọmọ tó ṣubú wò.

"Níbo? Níbo ló ti lù ú?"

"Mọ́tò ilé ni mò ń sọ, mà."

"Mọ́tò ilé kẹ̀? Bàbá, ẹ fẹ́ pa mí." Ó fọwọ́ lé àyà. Gbogbo ọgbà ti ń rẹ́rìn-ín. Ó bojú wo ògiri. "Èmi ni mo ní kí wọ́n kọ nǹkan yìí. Nígbà tí mò ń sọ ọ́, tánkà nìkan ló wà lọ́kàn mi."

"Mo wí bẹ́ẹ̀ àbí mi ò wí," mẹkáníìkì wí. Ó ti ṣílẹ̀kùn tánkà fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Òpó wo ilẹ̀.

Ọ̀nà ti là. Bàbá Rọra ò kàn gbà á ni.

"Mà, ẹ dúró sí apá òsì mi, kí ẹ pè mí."

"Kí n ṣe kí ni?"

"Ẹ ṣáà pè mí."

Màdáàmù lọ dúró sí apá òsì. "Bàbá Rọra."

Ó yí padà tọrùn tẹsẹ̀, bí ilẹ̀kùn. Ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Obìnrin agbálẹ̀ gbé ìgbálẹ̀ lé èjìká, ó ní, "Ẹ ò wa nǹkan kan lónìí. Mo ṣì nílò ara mi."

Màdáàmù na ọwọ́. Bàbá Rọra fi kọ́kọ́rọ́ sí i.

"Bí ọrùn bá yí padà ńkọ́, mà?"

"Ọkọ̀ yín náà ni." Ó gbọ́ ohun tó ti ẹnu ara rẹ̀ jáde, ó rẹ́rìn-ín. "Tánkà yín, mo ní. Dókítà ló máa sọ ọjọ́ rẹ̀."

Ohun tí Òpó kọ́kọ́ ṣe nígbà tó gba kọ́kọ́rọ́, tó wọ tánkà, ni pé ó ti ìjókòó sẹ́yìn, kéréréré, kó lè ráyè fún ẹsẹ̀. Bàbá Rọra gbọ́ ọ ní egungun ìhà. Ó fẹ́ fojú sin ọkọ̀ náà dé géètì, ọrùn ò gbà fún un, ló bá yí gbogbo ara.

Wọ́n pa "ọkọ̀ yín" rẹ́ lára ògiri, wọ́n kọ "ọkọ̀kọ́kọ̀ tí ẹ bá wà". Mẹkáníìkì béèrè bóyá bárò tí wọ́n fi ń kó yanrìn wà níbẹ̀.

Wọ́n fi Bàbá Rọra sídìí fóònù ọ́fíìsì. Ó ń sọ fún àwọn oníbàárà pé kí wọ́n rọra. Láràárọ̀, ìyàwó rẹ̀ ń pè é láti apá òsì, òun àti àga ń yí, ìyàwó á ní, "Ó kù," á bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó pè é bó ṣe máa ń pè é.

"Bàbá ọmọ."

"Kí ló tún dé?" Ó ti wò ó tán kó tó mọ̀. Àga ò kúrò lójú kan.

Ìyàwó fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó gbé bàtà tí ọkọ rẹ̀ fi ń wa tánkà, ó gbọn eruku rẹ̀ dànù.

"Ẹ kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ dókítà lọ," ó wí. "Bí ẹ bá sì dé ibi iṣẹ́, ẹ fa ìjókòó yẹn síwájú kí ẹ tó ṣáná. Ẹsẹ̀ yín ò gùn tó ti Òpó."