Ìkíni Tó Ṣáájú Ọjọ́

Gudrun Piehl kúnlẹ̀ sórí ìrọ̀rí àtijọ́ kan níwájú ilé tó ń gbé, ó ń fi àkísà àti ìpara dán idẹ. Òtútù ti wọ eékún rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò dìde. Òkúta mẹ́rin ni wọ́n rì mọ́ ojú ọ̀nà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Lójú idẹ tó bò wọ́n ni wọ́n kọ orúkọ àwọn Júù tó ti gbé ilé náà rí sí: bàbá, ìyá àti ọmọbìnrin méjì, ìdílé Lewin. Alẹ́ ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kọkànlá ọdún 1938 ni àwọn jàǹdùkú ìjọba fọ́ ṣọ́ọ̀bù wọn, tí wọ́n sì ti iná bọ sínágọ́gù àdúgbò. Nígbà tó yá, wọ́n kó àwọn náà lọ sí àgọ́ ikú, kò sì sí ẹni tó padà wá nínú wọn. Ohun tó máa ń dun Gudrun jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni àwọn aládùúgbò: wọ́n mọ̀, wọ́n fa aṣọ fèrèsé wọn, wọ́n sì jẹ oúnjẹ alẹ́ wọn tán. Nítorí náà, bí ọjọ́ yìí bá ti pé lọ́dún, yóò jáde wá dán òkúta, yóò tan àbẹ́là, yóò sì fi òdòdó funfun kan tì í.

Ìyáàfin Nitschke yọrí láti fèrèsé ìsàlẹ̀. Rédíò ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀: irú òní ni Káísà, ọba Jámánì, kúrò lórí oyè, irú òní ni wọ́n dáná sun ilé ìsìn àwọn Júù, irú òní ni Odi Berlin tó pín ìlú sí méjì ṣí.

"Ọjọ́ kan ṣoṣo, Gudrun, wo ẹrù tí wọ́n dì lé e lórí," ni obìnrin náà wí. "Tó bá jẹ́ èmi ni ọjọ́ yìí, màá ti sá wọ oṣù kejìlá tipẹ́."

Gudrun rẹ́rìn-ín díẹ̀. Rédíò kò mọ̀ pé ẹrù kan ṣì kù. Alẹ́ tí Odi ṣí náà ni ó bí Rike, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Lothar ọkọ rẹ̀ ò tíì gbé ọmọ náà mọ́ra dáadáa tí ìròyìn fi dé ilé ìwòsàn pé wọ́n ti ṣí ẹnu ibodè lórí afárá Bornholmer. Ó dúró lẹ́bàá ibùsùn, fìlà wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Mo kàn fẹ́ lọ wò ó ni. Kí o tó jí, mo ti dé." Ó kọjá sí ìhà kejì pẹ̀lú ogunlọ́gọ̀ tó ń jó, ó bá wọn lọ, kò sì wálé mọ́. Ìgbà tó pẹ́ ni wọ́n gbọ́ pé ó wà ní Spandau ní ìhà kejì náà, ó ti fẹ́ ẹlòmíràn. Bí a bá sọ̀kò sí ọjà, ará ilé ẹni ní í bà. Odi tí gbogbo ayé ń yọ̀ pé ó wó, orí Gudrun ni ó wó lé.

Fóònù rẹ̀ dún nínú àpò. Rike ni. Gudrun kí i kú ọjọ́ ìbí, ó sì rán an létí pé kéèkì ápù ń dúró dè é lọ́sàn-án. Inú ọmọ náà dùn, àfi ohun kan tó ń bí i nínú.

"Màmá, ẹ gbọ́ ohun tí Bàbá ṣe. Àná ló pè mí láti kí mi. Àná o! Ó ti gbàgbé ọjọ́ tí wọ́n bí mi, ó sì fẹ́ fi orí burúkú ta mí lọ́rẹ. Ohùn ẹ̀ gan-an ò jáde. Ẹ̀rọ kan kàn ń ké píì-píì lẹ́yìn ẹ̀."

Ọwọ́ Gudrun dúró lórí idẹ. Ní ìlú wọn, èèwọ̀ ni kí a kí ènìyàn kí ọjọ́ ìbí rẹ̀ tó pé. Ibi ni wọ́n gbà pé ó ń fà. Lothar sì le koko lórí èèwọ̀ yìí ju ẹnikẹ́ni lọ. Nígbà tí wọ́n ṣì jọ wà, akẹgbẹ́ Gudrun kan gbé òdòdó wá fún un nígbà tí ọjọ́ ìbí rẹ̀ ku ọ̀la. Lothar dí ẹnu ọ̀nà, ó ní kí ọkùnrin náà gbé e padà kí ó tún gbé e wá lọ́la, wọ́n sì fi ṣe ẹ̀rín títí ó fi sú wọn. Kò gbàgbé ọjọ́ Rike rí. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú lọ́jọ́ náà lọ́dọọdún ni ó máa ń pè é. Irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ kò ní kí ọmọ lánàá, àfi bí kò bá dá a lójú pé òun yóò rí òní.

Ó yé Gudrun kedere. Ó la ẹnu, ohun tó jáde ni pé, "Má jẹ́ kó bà ẹ́ nínú jẹ́. Ṣáà máa bọ̀."

Inú ló ń bí i. Ìbínú ọdún márùndínlógójì ni, ó sì dìde bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ ẹ́ lánàá. Lothar ti gba gbogbo ayé, ó fi ọmọ àti ọjọ́ kan yìí sílẹ̀ fún un. Ṣé ó tún fẹ́ gba ìyẹn náà ni? Ó ní bí òun bá dán òkúta tán, òun yóò pe Rike padà. Ó dán ti bàbá, ó dán ti ìyá, ó dán ti ẹ̀gbọ́n. Nígbà tó kan Mirjam tó kéré jù, ó họ lẹ́tà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò pẹ́ lórí òkúta kan báyìí rí. Ó tan àbẹ́là. Ó wọlé lọ po kọfí, kò sì pe ẹnikẹ́ni.

Rike dé, ó bọ́ kóòtù, ó jókòó. Gudrun ti ọ̀bẹ bọ kéèkì, ó sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀.

"Rike, bàbá ẹ ò gbàgbé ọjọ́."

Ó sọ ìyókù fún un. Rike tẹ nọ́ńbà tí wọ́n fi pè é lánàá. Nọ́ọ̀sì kan ló gbé e, láti ilé ìwòsàn kan ní Spandau, ó ní kí wọ́n tètè máa bọ̀. Wọ́n fi kọfí sílẹ̀ lórí tábìlì.

Orí afárá Bornholmer ni tíráàmù, ọkọ̀ ojú irin inú ìlú, gbà. Láti alẹ́ tí Lothar lọ, Gudrun kì í gba ibẹ̀. Bí ọ̀nà mìíràn tilẹ̀ jìn, á gbà á. Lónìí èrò tó ń ṣe ìrántí Odi kún ibẹ̀, àwọn afunfèrè ń fun fèrè, ọmọdé jókòó lọ́rùn àwọn bàbá wọn, tíráàmù sì ń rìn bí aláìsàn. Rike kọjú sí fèrèsé, kò wo ìyá rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ó ní ẹ kú àráfẹ́rakù. Ó ní kò tíì pẹ́ rárá, pé láti òwúrọ̀ ni Bàbá náà ti ń wo ilẹ̀kùn. Lothar ti kéré sórí ibùsùn, irun orí rẹ̀ ti lọ tán. Kí a tó rí erin, ó di igbó. Kí a tó rí ẹfọ̀n, ó di ọ̀dàn. Rike jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì sunkún bí ẹni tí kò mọ̀ pé ẹkún wà nínú òun.

Nígbà tó yá, ó bi ìyá rẹ̀ léèrè láìgbójú sókè. "Ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Nígbà tí o pè mí láàárọ̀."

"Ẹ sì dán òkúta tán kí ẹ tó sọ fún mi."

Gudrun mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó na ọwọ́ láti tún kọ́là aṣọ ọkùnrin náà ṣe, òórùn ìpara tí ó fi dán idẹ sì jáde láti ìka rẹ̀, ó kún àárín àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lóde, ilẹ̀ ń ṣú, àwọn kan ti ń yin bàńgà nítorí Odi, ìmọ́lẹ̀ pupa ń tàn sí ara ògiri. Nọ́ọ̀sì rìn lọ láti fa aṣọ fèrèsé.

"Ẹ jọ̀ọ́," ni Gudrun wí, "ẹ má fà á."