Ojú Gbígbẹ Dansoa

Ẹni tó bá ní ìyàwó Bonsra àbúrò mi kò láàánú, kó má sọ ọ́ létí èmi Dufie, torí ìjà la ó fi parí ẹ̀. Dansoa kì í sunkún lóòótọ́. Ojú rẹ̀ gbẹ, ẹnu rẹ̀ gbẹ. Bó bá ń jẹ fùfú, omi ló fi ń tì í wọ ọ̀nà ọ̀fun. Àìsàn ni. Àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tó yẹ kí wọ́n máa bá àrùn jà, ara òun fúnra rẹ̀ ni wọ́n dojú kọ. Nígbà tó lóyún àkọ́kọ́, wọ́n dé ara ọmọ inú rẹ̀, wọ́n sì ba ọkàn ọmọ náà jẹ́. Ọkàn náà ń falẹ̀, ó ń falẹ̀, títí ó fi dákẹ́ sínú. Ìgbà yẹn la tó mọ ohun tó ń ṣe Dansoa.

Nígbà tí oyún kejì dé, dókítà fún un ní ẹ̀rọ kékeré kan, pé kó máa gbé e lé ikùn láàárọ̀ àti lálẹ́, kó máa gbọ́ bí ọkàn ọmọ ṣe ń lù.

"Bí ìlù náà bá ti ń fò, tó ń dákẹ́ láàárín, sáré wá," ni dókítà wí. "Bí ojú ọ̀nà tí ìlù ń gbà nínú ọkàn náà bá dí pátápátá, kò sóògùn tó lè ṣí i mọ́."

Dansoa gbọ́ ìró náà títí ó fi di orin lẹ́nu rẹ̀. Bó bá ń fọ abọ́, kì-kì-kì-kì lẹ máa gbọ́.

Ọjọ́ Sátidé tí à ń ṣòkú bàbá wa ní Kumasi ni nǹkan fẹ́ bà jẹ́. Gbogbo ẹbí ti wọ dúdú àti pupa, wọ́n jókòó sábẹ́ kánópì, wọ́n sì ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ìyàwó Bonsra kò da omi lójú fún bàbá ọkọ rẹ̀. Dansoa wọlé lọ fi ẹ̀rọ gbọ́ ọkàn ọmọ. Nígbà tó jáde, ó di apá mi mú.

"Àǹtí, ó ń fò."

"Kí ló ń fò?"

"Kì-kì-kì, ó dákẹ́, kì-kì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá takisí!"

Ìyá wa bá wa lẹ́nu géètì. "Dansoa! O ò sunkún ọkọ mi, o tún fẹ́ kẹ̀yìn sí òkú rẹ̀? Ṣé o fẹ́ dójú tì mí níwájú ẹbí ni?"

Èsì ti dé ẹnu mi, àmọ́ Dansoa ti ṣáájú mi.

"Màmá, Bàbá á dúró dè mí. Èyí tó wà nínú mi ò lè dúró."

Ló bá wọ takisí. Háà, obìnrin yìí láyà! Ta ló jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìyá ọkọ rẹ̀ níbi òkú?

Dókítà yẹ ọmọ náà wò, ó mí kanlẹ̀. Ojú ọ̀nà inú ọkàn rẹ̀ ti ń dí, kò tíì dí tán. "Ká ní ẹ dúró kí òkú parí ni, ẹ̀pa kì bá tí bóró mọ́." Ó fún Dansoa ní oògùn tí yóò dé ara ọmọ. Oògùn yẹn kì í jẹ́ fún gbogbo ọmọ. Ó jẹ́ fún tiwa, Ọlọ́run ṣeun. Kì-kì-kì-kì náà padà.

Màmá kò bá a sọ̀rọ̀ títí ó fi bímọ. Ọkùnrin ni. Bonsra sọ ọ́ ní orúkọ bàbá wa, Agyei. Ọjọ́ tí Màmá wá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọ́ bí ọmọ ṣe ń ké.

"Gbé ọkọ mi fún mi," ló wí.

Ó gbé ọmọ náà, ó fi etí lé e láyà. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó gbé orí sókè, omijé ti bo gbogbo ojú rẹ̀.

Dansoa wò ó pẹ̀lú ojú pupa rẹ̀ tó gbẹ. "Màmá, ẹ má bínú, ó wù mí kí n sunkún..."

"Dákẹ́, ọmọ mi. Mò ń sun tìẹ mọ́ tèmi."