Wọ́n Sun Ààlà Di Èédú

Ẹni tó bá sọ fún yín pé oníjà ni mí kò purọ́ mọ́ mi. Marufat Onírú ni wọ́n ń pè mí láti oko wa lápá Ìrẹsà títí dé ọjà Ògbómọ̀ṣọ́, bí nǹkan bá sì ń bí mi nínú, n kì í gbé e mì. Lọ́jọ́ tí Alhaji Mashood ní kí n fi ọwọ́ ara mi fa igi tí mo gbìn tu, inú bí mi débi pé mi ò rántí kí i.

Alhaji ló ni ilẹ̀. Ìlú Ọ̀yọ́ ló ń gbé ní tirẹ̀, nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tó funfun báláú. Baba ọkọ mi ló gba ilẹ̀ lọ́wọ́ baba rẹ̀ láti fi dáko, a sì ń san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún. Ọkọ mi kú, mo dúró síbẹ̀. Ibẹ̀ ni mo bí gbogbo ọmọ mi sí, síbẹ̀ àtìpó la jẹ́, àtìpó náà la ó sì máa jẹ́. Àtìpó lè gbin àgbàdo, ó lè gbin ẹ̀gẹ́, ó lè gbin ilá. Kò gbọdọ̀ gbin igi. Igi a máa pẹ́ láyé, àtìpó tó bá sì gbìn ín, àfi bí ẹni tó ń sọ pé òun ti di onílẹ̀.

Nígbà tí gáàsì gbówó lórí, gbogbo ìlú padà sídìí èédú. Bushrah ọmọ mi, tó ń kàwé ní Ògbómọ̀ṣọ́ tó sì ń gbé ní àdúgbò Under G, ta sílíńdà rẹ̀, ó fi ra àdògán. Gbogbo ẹnu ọ̀nà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ló ń rú èéfín. Àwọn ọlọ́kọ̀ ńlá náà ń wá kó èédú lọ sí Èkó, wọ́n ní òmíràn ń bá ọkọ̀ ojú omi lọ sókè òkun. Ni Alhaji bá kó àwọn asunèédú wá sórí ilẹ̀ wa.

Owó wọlé o, n kò ní torí ìbínú purọ́. Mubaraq, àbúrò ọkọ mi, tó bá wọn sun èédú, ra ọ̀kadà. Wọ́n tún ọ̀nà ṣe kí ọkọ̀ lè wọlé, ilé tó ń jò tẹ́lẹ̀ sì rí páànù tuntun kàn. Èmi náà kan tèmi. Ṣùgbọ́n igi ń lọ. Òkìtì igi tí wọ́n fi yẹ̀pẹ̀ bò ń rú èéfín tọ̀sán tòru, àwọn ọmọdé ń wú ikọ́, odò tí mo ti ń fọ irú wá ń gbẹ nígbà tí òjò ò tíì pẹ́ tó dáwọ́ dúró. Ta ni kò mọ̀ pé irú ò ṣeé fọ̀ láìsí omi púpọ̀?

Àwọn igi irú ńlá tó tò láàárín ilẹ̀ Alhaji àti ilẹ̀ Bàbá Ṣàngótúndé nìkan ló wá ṣẹ́kù. Ìdí wọn ni mo ti ń ṣa irú láti ìgbà tí mo ti jẹ́ ìyàwó titun. Lọ́jọ́ tí mo lọ sọ́jà Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n gé gbogbo rẹ̀. Wọn ò tilẹ̀ fi kùkùté sílẹ̀, wọ́n wú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, nítorí gbòǹgbò náà ń di èédú. Mo jókòó sẹ́bàá kòtò, mo sunkún bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Nígbà tí ẹkún dá, mo wọkọ̀, ó di Ọ̀yọ́.

Alhaji ní kí wọ́n fún mi ní àga àti omi. Mo ní omi kọ́ ni mo wá mu.

"Ìyá Bushrah, ẹ ṣe sùúrù," ó wí. "Ọmọ yín tó wà ní Under G, kí ni kó fi dáná? Ìlú ń tẹ̀síwájú. Ibi tí ìlú bá ti ń tẹ̀síwájú, igi á wó."

"Ìlú wo, Alhaji? Tiyín tàbí tiwa? Odò wa ti ń gbẹ. Ṣé èédú la ó máa mu?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Irú tẹ́ ẹ máa ń sè láti àárọ̀ dalẹ́, ṣé oòrùn lẹ fi ń sè é ni? Ṣebí igi náà ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, torí pé òótọ́ wà níbẹ̀. "Ẹ̀ka gbígbẹ ni mò ń ṣà," mo dá a lóhùn. "Ohun a ní là á náání, ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni odindi igi, ẹ ò náání rẹ̀."

"Igi mi ni mo gé," ó wí, ó sì dìde lọ kírun.

Igi rẹ̀ ni lóòótọ́. Mo bá padà sílé lọ ṣe ohun tí àtìpó kì í ṣe. Mo da omi gbígbóná sí hóró irú kí èèpo rẹ̀ lè rọ̀, mo sì gbìn ín sínú ọ̀rá píọ́ wọ́tà. Bushrah ló bá mi ṣa ọ̀rá náà wá láti Under G, níbi tó kún gbogbo gọ́tà. Nígbà tí òjò dé, mo gbin àwọn ọmọ igi náà sínú kòtò tí wọ́n ti wú ìyá wọn, lọ́sàn-án gangan, lójú gbogbo èèyàn.

"Ìyá Bushrah, wọ́n á lé wa kúrò!" Mubaraq pariwo.

"Kí wọ́n wá bá mi lẹ́nu iṣẹ́."

Wọ́n sì wá. Alhaji dúró síwájú àwọn igi náà, ó ní kí n fà wọ́n tu. Mo ní n ò fà á. Ó ní tí òun bá tún padà wá tí òun bá igi kan níbẹ̀, kí n máa kó ẹrù mi. Mo ní ẹrù mi nìyẹn nínú ilẹ̀, kó wá wú u fúnra rẹ̀. Mubaraq dọ̀bálẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́. Èmi ò kúnlẹ̀.

Kó tó padà wá ni àwọn ọmọ Bàbá Ṣàngótúndé kọ ebè sórí ilẹ̀ náà. Wọ́n kọjá ibi tí mo gbin igi sí, wọ́n kọ ọ́ títí dé ìdí ẹ̀gẹ́ mi. Wọ́n ní ibẹ̀ ni ààlà àwọn láti ayébáyé. Ẹjọ́ bá dé ọ̀dọ̀ baálẹ̀.

"Igi irú ni ààlà wa!" Alhaji ń laagùn bó ṣe ń sọ̀rọ̀. "Gbogbo ayé ló mọ̀."

Baálẹ̀ bi í pé, "Igi irú ọ̀hún dà?"

Mubaraq tẹjú mọ́lẹ̀. Bàbá Ṣàngótúndé bú sẹ́rìn-ín. "Wọ́n ti sun ààlà wọn o! Wọ́n ti fi ránṣẹ́ sókè òkun!"

Alhaji bá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ìyá Bushrah, ẹ̀yin lẹ mọ ojú ààlà. Ẹ bá mi jẹ́rìí, ẹnikẹ́ni ò ní lé yín mọ́. Àwọn igi yín yẹn nìkan lẹ ó fà tu tó bá yá, kí àwọn àtìpó tó kù má baà kọ́ ọ."

"N kì í jẹ́rìí ní kọ̀rọ̀!" Mo pariwo rẹ̀ kí gbogbo ilé lè gbọ́. Mo kọjú sí baálẹ̀. "Baálẹ̀, ẹ gbọ́ tèmi. Ibi tí mo gbin igi sí ni ààlà. Inú kòtò àwọn tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wà. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó gbẹ́ ibẹ̀ wò, á bá ìṣẹ́kù gbòǹgbò."

"Igi àtìpó!" Bàbá Ṣàngótúndé fò dìde. "Láti ìgbà wo ni igi àtìpó ti ń pààlà fún onílẹ̀?"

Baálẹ̀ mi orí. "Òótọ́ ni Bàbá Ṣàngótúndé sọ. Igi tí onílẹ̀ kò bá fọwọ́ sí kì í ṣe ẹlẹ́rìí. Èyí tó bá fọwọ́ sí, ẹlẹ́rìí ni, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ wú u láéláé, onílẹ̀ fúnra rẹ̀ pàápàá. Alhaji, ṣé ẹ gbà kí igi obìnrin yìí dúró?"

Alhaji wo ilẹ̀ tó ń bọ́ lọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó tún wò mí.

"Kẹ́ ẹ tó dáhùn," mo wí, "kò sí asunèédú tó gbọdọ̀ dé etí odò wa mọ́. Bí ìyẹn ò bá sí níbẹ̀, n ó padà sóko, n ó fa igi náà tu bẹ́ ẹ ṣe wí, kí kálukú wá ojú ààlà rẹ̀."

"Ìyá Bushrah, ẹ rọra," Mubaraq sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Mo ti rọra títí odò fi gbẹ!"

Alhaji la ẹnu, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun lọ. "Mo gbà."

"N ò gbọ́, Alhaji. Àwọn tó wà níta náà ò gbọ́."

Ó dìde dúró, ó sì tún un sọ sókè.