Ta Ni Yóò Ṣọ́ Báàgì?

Bọ́ọ̀sì ò tíì dúró dáadáa létí òkun Tẹsalóníkà, nílẹ̀ Gíríìsì, tí wọ́n ti ń kó báàgì bá Stoyanka. Rumyana, àbúrò ọkọ rẹ̀, ló kọ́kọ́ gbé tirẹ̀ sí i lẹ́sẹ̀, èyí tó kún fún sọ́séèjì gbígbẹ. Bí àwọn yòókù ṣe rí ibi tí ẹrù ń lọ, wọ́n gbé tiwọn náà wá, ìyá àgbà sì wà láàárín báàgì bí adìyẹ tó ń sàba.

"Ìyàwó wa, ṣebí ẹ ó kúkú jókòó náà ni," Rumyana wí. "Orúnkún yín ò gbé àtẹ̀gùn. Ẹ bá wa ṣọ́ ọ."

Ẹ má rò pé òní ni èyí bẹ̀rẹ̀ o. Láti ìgbà tí Stoyanka ti fẹ́ Gancho nílùú Lom, ní Bùlgéríà, kò sí ìrìn àjò afẹ́ tí wọn kì í fi í ti ẹrù. Wọ́n gun odi Tarnovo, ó ṣọ́ ẹrù. Wọ́n wọ ààfin ní Budapest, ó jókòó ti àpótí lẹ́nu ọ̀nà. Ó mọ ìdí gbogbo ilé ìṣọ́ tó lórúkọ, kò mọ orí ìkankan. Ẹ wo gbogbo fọ́tò tí wọ́n yà lókè lọ́hùn-ún títí, ẹ ò ní rí i níbẹ̀. Gancho ti kú báyìí, Stoyanka sì ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ilé Ìṣọ́ Funfun tó wà létí òkun yìí nìkan ló torí rẹ̀ wá. Ó fẹ́ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé orí rẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, torí ó mọ ohun tí wọ́n máa sọ.

Nígbà tí wọ́n gòkè lọ tán, ó wo báàgì, ó wo ilé ìṣọ́, ó dìde.

"Ẹni tó bá fẹ́ jí yín, kó máa jí yín lọ," ló wí fún àwọn báàgì, ó sì mú ọ̀pá rẹ̀.

Ẹ̀ṣọ́ kan, ọkùnrin onírùngbọ̀n, wà lẹ́nu ọ̀nà. Stoyanka fi ọ̀pá tọ́ka sí òkè, ó tún fi ọwọ́ kan àyà ara rẹ̀.

"Ne, ne!" ni ọkùnrin náà dáhùn.

Lédè tí wọ́n ń sọ ní Lom, "ne" ni rárá. Ọ̀rọ̀ tí àwọn obìnrin ibẹ̀ ń gbọ́ jù nìyẹn. Ara Stoyanka gbóná.

"Rárá kẹ̀? Ta lò ń bá sọ rárá?"

"Ne, ne!" Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó na ọwọ́ sí àtẹ̀gùn.

"O tún ń rẹ́rìn-ín! Wọn ò tíì bí ìyá ẹ nígbà tí wọ́n ti ń sọ rárá fún mi. Ọkọ mi sọ ọ́, ọmọ mi sọ ọ́, dókítà sọ ọ́. Ìwọ onírùngbọ̀n ewúrẹ́ yìí ló wá kù! Mò ń gòkè. Tó o bá lágbára, wá dá mi dúró!"

Ó já wọlé. Ẹ̀ṣọ́ rí i tó ń tiro, àánú ṣe é, ó gbé àga wá, ó fi ọwọ́ bi í bóyá ó fẹ́ jókòó.

"Ne! Ne!" Stoyanka jágbe.

Inú ọkùnrin náà dùn. Ó ti àga sí i nídìí, ó di apá rẹ̀ mú kó lè jókòó jẹ́jẹ́. Bó ṣe ń kọ̀ ni wọ́n túbọ̀ ń kẹ́ ẹ. Ìyá gbé ọ̀pá sókè.

Ariwo yẹn ló mú Zdravka, ọmọbìnrin tó ń mú wọn kiri, sáré sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú Rumyana lẹ́yìn rẹ̀.

"Màmá, ẹ dákun, ẹ má nà án! Lédè tiwọn, 'bẹ́ẹ̀ ni' ni wọ́n ń pè ní 'ne'!"

Ọ̀pá dúró sí afẹ́fẹ́. "Tún un sọ."

"'Bẹ́ẹ̀ ni' ló ń wí fún yín láti àárọ̀. Ó ní kí ẹ máa gòkè."

Ojú ti Stoyanka. Ẹni tó ń gbà fún un láìjanpata ló ń bú ní onírùngbọ̀n ewúrẹ́ yìí. Ó rọra fọwọ́ pa ọkùnrin náà léjìká.

"A ti rẹ́rìn-ín tó," Rumyana wí. "Ìyàwó wa, ẹ yáa padà síta. Kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ báàgì, sọ́séèjì mi sì wà níbẹ̀!"

Ìgbà yìí ló wá yé Stoyanka pé àjèjì kankan ò dí òun lọ́nà. Àwọn ará ilé ni.

"Ne," ó wí.

Rumyana wo Zdravka. "Èwo nìyẹn? Tiwọn àbí tiwa?"

"Tiwa ni," Stoyanka dáhùn. "Ti Lom pọ́nńbélé. Ìwọ lọ ṣọ́ báàgì. Èyí tí mo ti bá yín ṣọ́ ti tó gẹ́."

"Bí ẹ bá ṣubú ńkọ́? Kí ni n óò sọ fún ọmọ yín?"

"Sọ fún un pé òkè ni ìyá ẹ̀ ti já bọ́. Ìsàlẹ̀ ni mo ti wà látijọ́."

Ó gòkè. Orúnkún rẹ̀ ń ké, ó ń bú u. Àwọn ọ̀dọ́ ń kọjá lára rẹ̀, ó ń sinmi lójú fèrèsé, ó tún ń gbéra. Zdravka na ọwọ́ sí i, kò gbà á.

Lókè, afẹ́fẹ́ gbá a lójú, gèlè fẹ́ bọ́ lórí rẹ̀. Òkun tẹ́ lọ salalu títí ó fi kan àwọn òkè lódìkejì, oòrùn ń dán lójú omi, ọkọ̀ ńlá ń lọ jẹ́jẹ́. Gbogbo ìlú wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, òrùlé pupa lórí òrùlé pupa. Kò mọ̀ pé ayé tóbi tó bẹ́ẹ̀. Nígbà kan rí, gbogbo ìgbà tí Gancho bá sọ̀kalẹ̀ láti irú ibí yìí, òun a bi í pé kí ló rí, èsì kan náà ni ọkùnrin náà ń fún òun: "Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ jàre, òkúta lásán ni." Òun sì ń gbà á gbọ́. Ó ń fi tu ara rẹ̀ nínú.

Stoyanka di ògiri mú. Ó sunkún láìbo ojú, inú ń bí i, inú rẹ̀ sì ń dùn.

"Gancho," ó wí, "òpùrọ́ ni ọ́."